Ààrò Ogójì Paouignan àti Macro Tó Takú

Dassa-Zoumè, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, 2025

Murielle ọmọ mi,

A kí ọ o. Ṣé òtútù Nantes ti ń dín kù? Níhìn-ín, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ewéko sì ti ń yọ láàárín àpáta lórí òkè. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lójú òun. Ó rìn lọ sóko lánàá, ó tún ru igi bọ̀. Achille àbúrò rẹ ń kí ọ.

O mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ohùn a máa já, a ó máa pe "áló, áló" títí a ó fi gbàgbé ohun tí a fẹ́ sọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní Paouignan, àwọn tí Félicité jẹ́ olórí wọn, ti rí ìrànlọ́wọ́ láti kọ́ ilé gàrí ńlá kan. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa rin ẹ̀gẹ́, èyí tí yóò máa fún omi rẹ̀, èyí tí yóò máa jọ̀ ọ́, àti ààrò onírin ogójì tí wọn yóò ti máa yan án. Ìgbìmọ̀ kan ní Cotonou ni yóò mú ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kí a kó àwòrán gbogbo ẹ̀yà wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tirẹ̀, kí oṣù kẹfà tó parí. Àwa méjì ló kù nínú ìdíje náà: atelier wa, ilé iṣẹ́ ìjórin yìí, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe tán wọlé láti òkè òkun. Bí a bá pàdánù rẹ̀, mo ní láti sọ fún àwọn ajórin wa kí wọ́n wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Atelier bàbá rẹ yóò di ibi tí wọ́n ti ń jó ẹsẹ̀ àga tó kán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Macro tí o kọ fún wa nígbà Kérésìmesì, àṣẹ tó ń mú kí ordinateur, kọ̀ǹpútà wa, máa ya ìwé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo síwájú rẹ̀. Bí a bá gbé gbogbo ilé gàrí kalẹ̀, á takú. Ojú ordinateur á funfun, kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Achille pa á, ó tún un tan, ó tún takú.

Ṣé ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún náà nìyí, àbí àjẹkù lo fi ránṣẹ́ sí wa?

Bàbá rẹ,
Sylvestre


Nantes, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé igi kì í sá lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí Achille lọ rù ú.

Kì í ṣe àjẹkù, Bàbá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ macro náà. Mo rò pé ordinateur yín ni kò lágbára tó. Àwòrán ńlá bẹ́ẹ̀ fẹ́ ààyè púpọ̀ láti fi rántí nǹkan, ti yín sì ti dàgbà. Kí Achille gbìyànjú kí ó má jẹ́ kí àwòrán máa hàn lójú ordinateur nígbà tí macro bá ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn lè dín wàhálà rẹ̀ kù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó níhìn-ín.

Bí ọjọ́ bá sì ti sún mọ́ jù, ẹ lè gba iṣẹ́ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ nìkan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ìdajì sàn ju òfo lọ.

Ọmọ yín,
Murielle


Dassa-Zoumè, ọjọ́ ogún oṣù kẹrin, 2025

Murielle,

A kú ọdún Àjíǹde. Ara wa le.

Achille ṣe bí o ti wí. Àwòrán kò hàn mọ́, macro sì takú nínú òkùnkùn. Ohun tí a fi jèrè ni pé a kò rí ibi tó ti takú mọ́.

Nípa ti ordinateur, òun náà ló ya ẹ̀rọ ìfún-epo tí a gbé lọ sí Savalou. Kò ráhùn nígbà náà. Nípa ti fáìlì, mi ò lè fi ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn lo wà. Bí iṣẹ́ mi bá wọ inú ẹ̀rọ wọn, ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní yà sí ibì kan? A kì í gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹni gba ojúde olójúde nítorí a fẹ́ kí wọ́n bá wa tọ́ iyọ̀ wò.

O ní kí n gba ìdajì. Nígbà tí o wà ní yunifásítì, ṣé mo sọ fún ọ pé kí o gba ìdajì ìwé ẹ̀rí? Àwọn obìnrin yẹn bẹ̀ mí ní iṣẹ́ kan. Bí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bá jẹ́ tèmi, tí ààrò jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́, olúkúlùkù á máa nawọ́ sí ẹnìkejì. Mo ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ju èyí lọ.

Sylvestre


Nantes, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn nítorí lẹ́tà yín gún mi, mo sì fẹ́ kí ó kọ́kọ́ tutù.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ìyá mi ló ní kí Achille fi fáìlì ránṣẹ́. Ẹ má bá Achille wí. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń kọ̀ fún ìyá mi nínú ilé yẹn, títí kan ẹ̀yin náà. Fáìlì náà kò wọ ilé iṣẹ́ mi rárá. Ordinateur tèmi ni mo fi ṣí i, nínú yàrá mi.

Ordinateur tèmi lágbára ju ti yín lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Macro takú lórí òun náà. Nítorí náà, ẹ jàre mi. Kì í ṣe ordinateur.

Mo wá gé ilé gàrí náà sí méjì. Mo gbé ìdajì àkọ́kọ́ fún macro: ó ṣe é. Mo gbé ìdajì kejì: ó ṣe é. Mo pa wọ́n pọ̀: ó takú. Bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, ìdajì tó wà nínú rẹ̀ ì bá ti takú. Kò sí ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ẹrù ló pọ̀jù.

Níbo ni ẹrù náà ti wá? Mo tú àwọn ààrò wò. Bàbá, ogójì ni wọ́n, bákan náà ni gbogbo wọn rí, síbẹ̀ fáìlì wọn yàtọ̀ síra. Ẹsẹ̀ ààrò Félicité, ẹsẹ̀ ààrò Isabelle, ẹsẹ̀ ààrò Claudia. Agbada Félicité, agbada Isabelle. Títí kan boulon, irin kékeré tí a fi ń de ẹsẹ̀ ààrò mọ́ ara! Boulon kan náà, orúkọ obìnrin ogójì. Macro ń ṣí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé kò rí irú wọn rí.

Ta ló ní kí Achille ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ni wọ́n ń wá?

Murielle


Dassa-Zoumè, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, 2025

Murielle ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ṣe. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Ẹni tí mo bí ni mo fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ọ̀tá ìlú."

Èmi ni mo ní kí Achille ṣe bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

O ṣì kéré nígbà tí mo ṣe ẹ̀rọ ìlọ̀ kan fún Hàlímọ̀tù tó ń lọ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó dúró tì mí títí a fi rí ìwọ̀n ẹnu ẹ̀rọ náà tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni obìnrin mìíràn wá, mo sì fi ìwọ̀n Hàlímọ̀tù gé irin tirẹ̀ láì sọ fún Hàlímọ̀tù. Nígbà tó rí i, ó gbé àpótí rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà atelier, ó jókòó. Kò bú mi. Gbogbo oníbàárà tó bá dé, ó ń kí wọn káàbọ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ibí ni wọ́n ti ń ta ìwọ̀n mi." Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà méjì kí ó tó dìde.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá ṣe fún ẹnì kan, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́, mi ò sì ń gbé e fún ẹlòmíràn láì tọrọ. Ìgbà tí a ń fi gègé yàwòrán, orúkọ oníǹkan ló ń wà lórí ìwé. Nígbà tí ordinateur dé, mo ní kí Achille má yí i padà. Obìnrin ogójì ló ní ààrò ogójì. Bí macro rẹ kò bá lè gbé orúkọ èèyàn, ẹ̀bi ta ni?

Ọjọ́ ń lọ o. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kó ẹ̀rọ wọlé ti dé Paouignan, ó pín ìwé aláwọ̀ mèremère fún àwọn obìnrin, gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń dán. Félicité ní òun fi tòun bo ẹnu ìkòkò omi. Síbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi pé ìgbìmọ̀ kì í fi ẹnu gba àwòrán.

Sylvestre


Nantes, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín nípa Hàlímọ̀tù títí alábàágbé mi fi kan ilẹ̀kùn.

Mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n Ràsáàkì tó ń ta boulon ní ọjà Dassa, ṣé ó ní igbá kan fún boulon Félicité, igbá mìíràn fún boulon Isabelle? Inú igbá kan náà ló ti ń bu ú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí nìyí: kí a ya ààrò kan ṣoṣo, kí a gbé e sí àyè ogójì nínú àwòrán ńlá. Orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò wà lórí àyè rẹ̀, kò ní sọnù. Fáìlì nìkan ni yóò jẹ́ ọ̀kan. Nígbà náà, macro yóò ya ìwé ààrò lẹ́ẹ̀kan, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogójì ni kí a ṣe.

Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn macro náà pẹ̀lú, mo sì ti tún un ṣe. Bó ti kọ́kọ́ wà, bó bá ṣí ẹ̀yà kan, kì í pa á dé kí ó tó ṣí òmíràn. Ó ń kó gbogbo wọn sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fẹ́ ru gbogbo abọ́ ilé nínú ìrìn kan. Ní báyìí, á ṣí i, á yà á, á fi í pamọ́, á pa á dé, kí ó tó lọ sí òmíràn. Bí iná bá sì lọ, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé.

Macro tuntun wà lọ́wọ́ Achille. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gbà kí ààrò jẹ́ ọ̀kan, mi ò lè ṣèlérí pé yóò parí lórí ordinateur yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.

Murielle


Dassa-Zoumè, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 2025

Murielle ọmọ mi,

A kí ọ káàkiri. Mo mọ̀ pé o ti ń wo ọ̀nà lẹ́tà yìí. Mi ò lè dáhùn nítorí kì í ṣe èmi ni mo ni ààrò. Mo gun zémì, ọ̀kadà akérò, lọ sí Paouignan pẹ̀lú Achille, kí n lọ tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Wọ́n pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ṣàlàyé pé bákan náà ni gbogbo ààrò yóò rí, àti pé mo fẹ́ kí wọ́n fún mi láṣẹ láti yà á ní ẹyọ kan. Félicité ní, "Kí ló burú níbẹ̀?" Mo rò pé ó parí.

Ni Isabelle bá dìde. Bí obìnrin yẹn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òòrùn kì í wọlé. Ó ní, "Bàbá Murielle, ẹ ní bákan náà? Ààrò tèmi àti ti Claudia? Claudia tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀?"

Claudia ní, "Ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n gàrí mi ń kan ọjà ṣáájú tìrẹ."

Isabelle tún ní, "Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀yìn ta ni kì í dùn nínú wa? Ṣebí nítorí ààrò rírẹlẹ̀ yìí ni a ṣe fẹ́ ilé tuntun!"

Ariwo sọ. Mo yíjú sí Achille. Mo ní, "Àwọn ààrò ogójì tó wà nínú ordinateur, mélòó ni gíga wọn?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Gíga kan náà ni, Bàbá. Ẹ ní kí n fi orúkọ wọn sí i. Ẹ kò ní kí n wọ̀n wọ́n."

Ṣé o rí i, Murielle? A kọ orúkọ èèyàn ogójì sára boulon, a kò sì wọn ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá ti gbọ́ tìrẹ lójú ẹsẹ̀, ààrò kan ni à bá ṣe, Isabelle ì bá sì tẹ̀ ba lórí rẹ̀ títí ayé. Bí mo bá sì ti dúró lórí tèmi, ogójì ni à bá ṣe, ìbàdí rẹ̀ ì bá sì máa dùn ún bákan náà.

A wọ̀n wọ́n, láti ìgúnpá dé ilẹ̀. Félicité ló fa okùn. Kì í ṣe èmi ni yóò máa wọn ìyàwó oníyàwó. Gbogbo wọn bọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: gíga, àárín, kúkúrú. Ààrò mẹ́ta, Murielle. Kì í ṣe ogójì, kì í ṣe ọ̀kan.

Achille tún un yà. Lánàá, mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣu kaná. Ojú ordinateur kò funfun. Ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ìkejì jáde. Iná lọ. Iná dé, Achille tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí gan-an. Kí ìyá rẹ tó gún iyán tán, ó ti parí. Ó PARÍ! Achille fi igbe ta, àwọn ajórin ju iṣẹ́ sílẹ̀ sá wọlé, wọ́n rò pé iná mànàmáná ló gbé e.

Mo jẹ iyán méjì.

Bàbá rẹ,
Sylvestre


Nantes, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà yín lórí tẹlifóònù mi nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì pariwo. Obìnrin kan bi mí bóyá nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀. Mo ní rárá, ààrò mẹ́ta ni.

Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti bi yín bóyá gíga kan ló yẹ kí wọ́n ní. Boulon ni mo ń kà, èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ lọ tọrọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan: kí Achille gbé ordinateur náà dání lọ sí Cotonou, kì í ṣe ìwé nìkan. Ìgbìmọ̀ a máa béèrè àyípadà lójijì. Kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù sí i lọ́kàn. Macro náà kò ní takú mọ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Murielle


Dassa-Zoumè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 2025

Murielle,

Jókòó kí o tó kà á.

A dé Cotonou ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kó ẹ̀rọ wọlé náà ti wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó kí mi pé, "Bàbá, ẹ kú ọ̀nà jíjìn," bí ìgbà tí a bá ń kí ẹni tó wá ṣòfò ọjọ́.

Obìnrin tó ń darí ìgbìmọ̀ wo ìwé àwa méjèèjì. Ó wá ní ẹni tó ń kọ́ ilé náà ti yí nǹkan padà: àgbá omi yóò gba apá òsì, nítorí náà ààrò kò lè tò ní ìlà kan mọ́; ìlà méjì ni. Páìpù èéfín yóò sì kúrú. Ó ní, "Ìgbà wo la lè rí àwòrán tuntun?"

Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun yóò kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ lókè òkun, èsì lè dé nínú oṣù kẹsàn-án.

Mo ní, "Madame, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé kọfí yín wá."

Achille ṣí ordinateur lórí tábìlì wọn. Ó to ààrò sí ìlà méjì, ó gé páìpù kúrú, ó tẹ macro. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n gbóná lọ́wọ́. Kọfí ṣì wà nínú ife nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan nínú wọn, onímọ̀ ẹ̀rọ ni, fa rúlà yọ. Ó wọn ìwé kan, ó wọn òmíràn. Ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló kọ macro yìí?"

Mo ní, "Ọmọ mi obìnrin." Mo dúró díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè dé etí gbogbo ẹni tó yẹ kó dé, pàápàá àwọn tó wọ bàtà dídán. Lẹ́yìn náà ni mo fi kún un pé, "Èyí tó ya ààrò ni ẹ ń wò yìí, ọmọ mi ọkùnrin."

Wọ́n fún wa, Murielle. Odindi rẹ̀. Wọ́n pè wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ gbọ́ ọ, ó jó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún jó padà, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ní orúnkún mọ́.

Sylvestre


Dassa-Zoumè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, 2025

Murielle ọmọ mi,

A kí ọ, a sì kí àwọn tó yí ọ ká. Ìyá rẹ ṣì ń bínú pé o kò wá fún ìrìn àjò mímọ́ sí ojúbọ Màríà ní Arigbo nínú oṣù kẹjọ. Ó ní kí o má rò pé gàrí tí òun fi ránṣẹ́ túmọ̀ sí pé òun ti dárí jì ọ́.

Ilé gàrí Paouignan ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà Parakou bá dúró, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó. Isabelle ń yan gàrí lóròó, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ. Claudia wà ní àyè tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bú ara wọn láti àárọ̀. Mo gba ajórin méjì sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ ńlá kan dúró níwájú atelier. Ọ̀gbẹ́ni oníbàtà dídán ló sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pá irin kan ti kán nínú ẹ̀rọ tó tà fún àwọn kan lápá òkè, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ní kó dúró di oṣù kẹta. Ó gbé ọ̀pá náà jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi."

Mo ní kí wọ́n fún un ní àga àti omi. Achille gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Mo ní a ó ṣe é, a ó sì ṣe é dáadáa.

Ó ní, "Ìgbà wo?"

Mo na ọwọ́ sí irin tó tò jọ dé ògiri. Mo ní àwọn ìyá Savè ló kàn. Lẹ́yìn wọn, àwọn ìyá Glazoué. Lẹ́yìn wọn, òun.

Ó ní òun á dúró.

Bàbá rẹ,
Sylvestre